Oníkánópì Ra Ẹ̀rọ Ìrántí

Ní Èkó, tí wọ́n bá fẹ́ yin orí èèyàn, Alájọ Ṣómólú ni wọ́n máa ń fi wé. Wọ́n ní ọkùnrin náà ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà láì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa, n óò wá gbàgbé ibi tí mo kọ ọ́ sí. Ní ti òwò ẹ̀wẹ̀, owó tí ì bá ra àga rọ́bà tó máa kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni mo kó lọ sí Ìkẹjà, tí mo fi ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wọ àpò bùbá.

Iṣẹ́ kánópì ni mò ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà yẹn, ọdún 2002 ti ń parí lọ. Àga, tábìlì, kánópì, kúlà, àti ìkòkò ńlá tí àwọn alásè fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù: gbogbo rẹ̀ ni mò ń yá àwọn olóde láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ìjẹ̀gùn. Ẹni tó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ pé kò sí Sátidé tí wọn kì í dí àdúgbò kan pa níbẹ̀. Bí wọn ò bá gbé ìyàwó, wọ́n á sọmọ lórúkọ. Bí wọn ò bá sọmọ lórúkọ, wọ́n á ṣe ogójì ọjọ́ òkú. Bí kò bá wá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, onílé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tán á ní òun fẹ́ ṣílé. Iṣẹ́ wà. Ẹni tó máa rántí iṣẹ́ ni kò sí.

Ẹ̀yìn káàdì ìpè ni mò ń kọ àdéhùn sí, àti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, àti inú ọwọ́ mi. Mo ti kọ nọ́ńbà oníbàárà sí àtẹ́lẹwọ́ rí, ìyàwó mi gbé ẹ̀bà dé, mo sì gbàgbé. Ọbẹ̀ ilá ló jẹ oníbàárà yẹn.

Fóònù GSM ló tún dá kún un. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ló dé Nàìjíríà, ₦50 ni wọ́n sì ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, kódà bí o bá lo ìṣẹ́jú áàyá mẹ́wàá péré. Nítorí náà, ẹni tó bá pè ọ́ á da ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni tí ajá ń lé: “Bàbá kánópì, Sátidé tó ń bọ̀ kọ́ o, èyí tó tẹ̀ lé e, kánópì mẹ́rin, ẹ má gbé àga tó ṣẹ́ wá, ó dàbọ̀.” Ó ti pa á. Kò sọ orúkọ, kò sọ àdúgbò. Bí mo bá sì ní kí n pè é padà, ₦50 tèmi náà nìyẹn.

Ibi ìgbéyàwó kan tí mo kó àga lọ ni mo ti rí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan, ó jọ òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹnìkan ní kí ó wá kí òun lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fa nǹkan yọ lápò, ó yọ igi tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi tẹ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Mo ti fi yín síbẹ̀.” Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àga mẹ́fà lórí. Kò sẹ́ni tó tíì fi mí sí ibì kankan rí. Kí n má purọ́, ojú kòkòrò ló gbé mi dé Ìkẹjà.

Ẹni tí kò bá tíì dé Computer Village, títì Ọ̀tìgbà àti àwọn títì tó yí i ká ni, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ sì ti mọ ohun tí ò ń wá kí ìwọ fúnra rẹ tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ gbé Casio kan fún mi, oríṣi tó ní bọ́tìnnì wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lójú. Ọwọ́ tó ń gbé irin kánópì ni tèmi. Mo fẹ́ tẹ “A”, lẹ́tà mẹ́ta ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé Psion wá, ti àwọn ará Ìlú Ọba, tó ń ṣí, tó sì ní bọ́tìnnì tó ṣeé fọwọ́ kàn. Bí mo bá mọ̀ nígbà yẹn pé láti ọdún 1984 ni Psion ti ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, n kì bá tètè gbé e sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo rí ni pé kò ní igi tín-ín-rín tó dà bíi ti ará báńkì. Wọ́n wá gbé iPAQ ti Compaq dé, ojú rẹ̀ aláwọ̀ mèremère. Ọmọkùnrin náà sọ iye rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un.

Bí mo ṣe bá Palm m100 lọ nìyẹn, tòkunbọ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé e jáde, ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀, mẹ́gábáìtì méjì péré sì ni àyè inú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kọ orúkọ mi sí i, orúkọ mi hàn, inú mi dùn dé ìpéǹpéjú. Mi ò bi í pé irú bátìrì wo ló ń lò. Mi ò bi í bóyá ó fẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo bi í ni pé ṣé wọ́n ní ojú aláwọ̀ búlúù, torí mo rí i pé èèpo iwájú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Wọ́n ní in. Mo ná an títí, ó fi wáyà gígùn kan lé e fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí mo rò pé èènì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà, a ti fi wáyà ọ̀hún so irin kánópì mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ó le dáadáa, kò sì já.

Ìwé àwọn oníbàárà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní kí n kọ orúkọ ìdílé, kí n kọ orúkọ àbísọ, kí n kọ iléeṣẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ta ló mọ orúkọ ìdílé Ìyá Ìbejì? Àwa Yorùbá ní ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ láyé. Ìkànìyàn ọdún 2006 sì padà wá fi hàn pé èèyàn inú ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan lé ní 1,200,000. Ẹ fúnra yín ẹ ṣírò iye Ìyá Ìbejì tó máa wà níbẹ̀, kí ẹ sì rántí pé kò sí èyí tí kì í ṣe òde nínú wọn. Bí mo ṣe kọ wọ́n sínú ẹ̀rọ nìyí: Ìyá Ìbejì Ṣáṣá, Ìyá Ìbejì Aláṣọ, Ìyá Ìbejì tó pupa, Ìyá Ìbejì tó jẹ wá lówó. Àpótí iléeṣẹ́ ni mo sọ di ti àdírẹ́sì: “ilé kẹta lẹ́yìn tírànsífọ́mà, ẹ ṣọ́ra fún ajá.”

Ó dára títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe fáàrí fún obìnrin kan tó yà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ní, “Màámi, ẹ wá wo nǹkan. Orúkọ yín ti wà nínú kọ̀ǹpútà.” Mo fi hàn án. Ó fa jígí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí gèlè, ó kà á, ó tún un kà. Ó tú owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró, ó ka gbogbo gbèsè rẹ̀ lé tábìlì, kò bá mi sọ nǹkan kan. Àwọn ará Ṣáṣá kan ló ń yá a ní kánópì láti ìgbà náà. Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ náà wúlò, ó kéré tán ó gba gbèsè. Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Ìkọ̀wé rẹ̀ ló wá jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Apple ti gbé Newton tiwọn jáde ní 1993, èyí tó ní òun á kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé, gbogbo ayé sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ ló ń kà. Àwọn Palm dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ má kọ́ nǹkan kan, ẹni tó rà á ni kó lọ kọ́ tuntun. Graffiti ni wọ́n pe ìkọ̀wé náà. O ò ní gbé ọwọ́ sókè títí lẹ́tà á fi parí. “A” kò gbọdọ̀ ní igi àárín, orí òrùlé lásán ni. “T” dà bíi méje. “K” dà bí ẹja tó yíjú sẹ́yìn. Mo fi ara jìn fún un. Mò ń fi ìka kọ ọ́ sí orí tábìlì, sí itan mi nínú dáńfó, sí ẹ̀yìn ìyàwó mi lóru títí tó fi ní kí n lọ sùn ní pálọ̀. Ó wọ̀ mí lára débi pé mo fi kọ rìsíìtì fún oníbàárà kan. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Bàbá kánópì, mi ò mọ̀ pé ẹ kéwú.”

Ohun tí mi ò fi sọ́kàn ni pé apá òsì ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, apá ọ̀tún ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Tí o bá kọ 2 sí apá òsì, Z ni ẹ̀rọ á kà. 5 á di S. Òdo á di O. Bí mo bá ń kánjú, òsì ni ọwọ́ mi máa ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí Alhaja kan pè mí láti Ìgàndó pé ọmọ òun obìnrin ti bímọ, pé òun ń fẹ́ àga 250 fún ìkómọ, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mi ni “Alhaja Igando, aga ZSO”.

ZSO kọ́ ló pa mí o. Mo mọ ohun tí ZSO jẹ́.

Ọjọ́ ló pa mí. Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 2003, ni ìkómọ. Mo fọwọ́ kan ọjọ́ yẹn gan-an lójú kàlẹ́ńdà ẹ̀rọ, mi ò ṣì í. Ṣùgbọ́n inú àkójọ iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni mo fi sí, kì í ṣe inú ìwé ọjọ́ tó ní aago tó ń dún. Nínú àkójọ iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà lásán ni ẹ̀rọ fi ń sọ ọjọ́. Ará Amẹ́ríkà sì ni ẹ̀rọ mi, kò sẹ́ni tó yí ètò inú rẹ̀ padà. Oṣù ni wọ́n ń kọ ṣíwájú lọ́hùn-ún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ní 2/8.

Láàárín ọ̀sẹ̀, nǹkan kan ń sọ sí mi lọ́kàn pé obìnrin kan ní Ìgàndó sọ̀rọ̀ àga. Orí mi fẹ́ rántí, ẹ gbà mí gbọ́. Mo yọ ẹ̀rọ, mo wò ó: 2/8. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n ra ẹ̀rọ yìí, ǹ bá ti kó àga lọ bá obìnrin olóbìnrin láìtọ́jọ́. Kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe oṣù kẹjọ. Láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ yẹn ni mo ti fún orí mi ní ìsinmi.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, àgbò ń ké káàkiri Ẹ̀gbẹ́dá. Mo wà nílé, mò ń mu ẹ̀kọ. Fóònù dún.

“Bàbá kánópì, níbo lẹ dé?”

“Mo wà nílé, Alhaja. Ẹ kú ìmúra Iléyá.”

“Ilé ta ni?”

Ara mi bù máṣọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mo sáré mú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wá sọ gbólóhùn kan tí mi ò lè kó padà títí di òní. Mo ní, “Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dá yín lójú? Oṣù kẹjọ ni ẹ̀rọ tèmi pè é.”

Alhaja dákẹ́. Lóde òní tí ìpè ti rọjú, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà yẹn owó ńlá ni. Wọ́n wá ní, “Oṣù kẹjọ? Kí ọmọ náà ti máa rákò kí àga tó dé? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa wá bá yín to àga?”

Àwa àti awakọ̀ wa kó ẹrù bí olè. Ẹni tó bá ti gba Ìdímù àti Ìkòtún kọjá lọ sí Ìgàndó ní Sátidé tó ṣíwájú Iléyá mọ ohun tí ojú wa rí. Àgbò ló wà lórí títì ju mọ́tò lọ. Nígbà tí a fi débẹ̀, Ààfáà ti ṣe àdúà tán. Wọ́n ti yá bẹ́ǹṣì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà nítòsí, àwọn àgbààgbà tó wọ léèsì jókòó sórí rẹ̀, eékún wọn kan àgbọ̀n wọn. Àwọn yòókù wà lórí ẹní. Ẹnìkan jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ẹni tó gbọ́n á dọ̀bálẹ̀, á sì dákẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo wá gbé ojú sókè, mo na ẹ̀rọ sí Alhaja, mo ní, “Ẹ wò ó mà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò gbàgbé yín.” Wọ́n gbà á. Wọ́n wò ó fín.

“Kí ni ZSO?”

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé apá òsì àti apá ọ̀tún ni àwọn èèyàn ń dìde lórí ẹní wá gbọ́. Àbúrò ìyá ọmọ náà kan tó wá láti Amẹ́ríkà ló gba ẹ̀rọ náà wò, tó ní ọjọ́ òní gan-an ló wà níbẹ̀, pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mo dá gbogbo owó tí wọ́n san padà. Mo tún ṣèlérí pé ìgbàkigbà tí Alhaja bá tún ní òde, ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, kò là.

Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Mi ò jáwọ́. Mo wá ètò inú ẹ̀rọ rí, mo sọ ọjọ́ di ṣíwájú oṣù, mo kó gbogbo iṣẹ́ lọ sínú ìwé ọjọ́ alágogo, fún ìgbà díẹ̀ nǹkan sì ń lọ geere. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bátìrì dé. Méjì tín-ín-rín ló ń lò, èyí tó wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Nínú ọjà Ìkòtún nígbà yẹn, ti rédíò tó sanra ni wọ́n ń tà káàkiri. Bí mo bá rí tín-ín-rín, kì í lò pẹ́. Ni mo bá sọ rìmóòtù ilé wa di ìyá bátìrì. Àwọn ọmọ ń dìde lọ fọwọ́ yí ìkànnì, wọ́n ń wò mí láìsọ nǹkan.

Ẹ̀rọ yìí kò ní ibì kankan tó ń tọ́jú nǹkan sí bí kò bá sí iná lára rẹ̀. Tí o bá yọ bátìrì, bí ìṣẹ́jú kan lo ní láti fi òmíràn sí i. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ṣú, kò sí iná, mo tan àbẹ́là, mo yọ méjèèjì. Fóònù dún. Oníbàárà ni, ó ń dà á jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn: Sátidé báyìí, àga báyìí, Akọwọ́njọ. Kò sí ẹ̀rọ tí mo lè kọ ọ́ sí, ó wà lórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣófo. Mo fa báírò, mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí mo padà, tí mo fi bátìrì sí i, ẹ̀rọ tan, ó ní òun kí mi káàbọ̀, kí n fi igi tẹ àárín àmì tó wà lójú òun kí a lè bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ìyá Ìbejì ti lọ.

Ọmọkùnrin sáíbà káfẹ́ kan ní Ìkòtún ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀rọ mi ní wáyà kan, tí wọ́n ń fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà á sì máa tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo. Ó ní báwo ni wáyà mi ṣe rí. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo kà nípa Jeff Hawkins, ọkùnrin tó dá Palm sílẹ̀. Kí Pilot àkọ́kọ́ tó jáde ní 1996, ó gé pákó kan tó wọ àpò ẹ̀wù, ó ń gbé e kiri. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ráyè lọ́jọ́ kan, á yọ pákó, á máa fi igi tẹ̀ ẹ́ bíi pé nǹkan wà níbẹ̀, kó lè mọ bí ẹ̀rọ gidi ṣe máa rí lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọlọ́pọlọ ni. Èmi náà gbé pákó kiri fún oṣù mélòó kan, pákó aláwọ̀ búlúù tí kò ní bátìrì, mò ń tẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn oníbàárà kí ojú má baà tì mí. Kò sẹ́ni tó pè mí lọ́lọ́pọlọ.

A ò pàdánù iṣẹ́ kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi pé gbogbo àdéhùn ti parẹ́, ó lọ sí kíṣìnnì, ó gbé ìwé ọmọ iléèwé kan wá, èyí tó ní ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti ti Ìkẹjà dé ló ti ń kọ gbogbo ìpè tó bá gbọ́ létí sínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, àdúgbò, iye àga, àti bóyá wọ́n ti san àsansílẹ̀. Ti Alhaja Ìgàndó nìkan ni kò sí níbẹ̀, torí ó lọ ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n pè. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, “Dádì, inú yín ń dùn.”

Bí oṣù keje ṣe ń parí lọ, fóònù dún. Ìyàwó mi ti jókòó ti ìwé rẹ̀, báírò lọ́wọ́.

“Bàbá kánópì, ṣé àlàáfíà ni? Ọmọ wa ti ń rákò o.”

Mo mọ ohùn náà lójú ẹsẹ̀. Mo dìde dúró.

“Mo wo kàlẹ́ńdà,” ni Alhaja wí. “Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, Sátidé ni ó bọ́ sí. Ẹgbẹ́ wa máa jókòó nílé mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kó àga tí ẹ̀rọ yín ṣèlérí wá.”

“Ọ̀fẹ́ ni, mà. A ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mélòó ni kí n kó wá?”

“ZSO,” ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù kí ìṣẹ́jú kan tó pé.